Àbúrò mi ń lọ sí Azhar ní Káírò: ẹ bá wa sọ bí ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí níbẹ̀

Ọmọ Pàkátà

Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin ti jáde ilé kéwú nílùú Ìlọrin, Yunifásítì Azhar sì ti gbà á wọlé ní Káírò. Àwọn Alfa tó kọ́ ọ ti ṣe dúà, ìyá wa ti lọ èlùbọ́ sílẹ̀, físà ló kù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kò kọ mí lóminú, torí ọmọ náà fẹ́ràn ìwé. Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn: ibi tí yóò sùn, ohun tí yóò máa jẹ, bí yóò ṣe máa wọkọ̀ láàárín ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ àti àyíká rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 20, owó tí a ó máa fi ránṣẹ́, àti ẹni tí yóò ké sí bí ara rẹ̀ kò bá yá lóru. Ìbàdàn ni ibi tó jìnnà jù tó tíì dé rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Mísírà, ìyẹn Íjíbítì, tàbí tí ọmọ yín wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa bó ṣe rí.

Alfa Òkè-Àpómù

Wàláékùm sàláámù. Báríkà fún gbogbo ilé. Mo wà ní kúlíyà Ṣẹríà, ìyẹn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù ní Azhar, lọ́wọ́ báyìí, ohun tí ojú mi ń rí ni màá sọ.

Èdè ni kó kọ́kọ́ múra sílẹ̀ fún. Ọmọ Ìlọrin tó ti kọ́ náhù àti sọ́rúfù, ìyẹn gírámà Lárúbáwá, tó lè dìde sọ Lárúbáwá níwájú àwọn Alfa lọ́jọ́ wòlímọ́tì tí gbogbo ilé á sì máa ṣe kábárà, yóò dé ibùdókọ̀ ní Káírò, awakọ̀ yóò bi í níbi tó ń lọ, kò ní gbọ́ ọ. Ti inú ìwé la kọ́ nílé, ti ìgboro ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ń pe lẹ́tà jíímù bíi "g" tiwa. Káàfù ńlá, inú ọ̀fun ni wọ́n ń gbé e mì sí. Kíláàsì pàápàá, olùkọ́ á fi Fús-há, Lárúbáwá inú ìwé, bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, á bọ́ sí ti ìgboro, àwọn ọmọ Íjíbítì á rẹ́rìn-ín, àlejò á máa wojú.

Kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan ni oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Káírò ló ní bàwáàbù, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kó máa kí i láàárọ̀, kó dúró bá a tàkúrọ̀sọ. Kó máa lọ ra búrẹ́dì fúnra rẹ̀, kó má rán ẹlòmíì. Láàárín oṣù díẹ̀, etí rẹ̀ á là.

Nítorí èyí ni mo ṣe gbà á nímọ̀ràn pé kó má gbé ilé tí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ ní Káírò tí wọn kò tíì lè bá oníṣọ́ọ̀bù dúnàádúrà, torí Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, òun náà ni wọ́n ń sọ lọ́nà kúlíyà, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Ọmọ tó rìn jìnnà tó báyìí nítorí Lárúbáwá, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ yó.

Ìyẹ̀rú Òkín

Alfa, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín lórí èdè tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ọmọ ọdún 18 tàbí 19 tí òtútù oṣù kìíní bá dá gúnlẹ̀, ta ni yóò mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ pé kì í jẹ ata nígbà tí ikọ́ bá ń ṣe é? Ará ilé rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá ni. Èmi láti Ọ̀ffà ni mo ti lọ, àwọn ọmọ Ìlọrin ló gbà mí sílé, mi ò sì lè gbàgbé oore náà. Ọdún kìíní le. Ẹ jẹ́ kó bá tiwa gbé.

Ibi tí wọ́n ń gbé nìyí: ẹni tí Azhar fún ní mínhà, ìyẹn tí wọ́n ń bọ́ tí wọ́n sì ń fún ní yàrá, Madínátùl Buúùsì, ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì Azhar ní àdúgbò Àbásíyà, ni yóò wà, pẹ̀lú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹni tí kò ní i, ilé ni yóò gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì pọ̀ ní Nasr City, pàápàá ní àdúgbò keje àti ìkẹwàá, torí kúlíyà kan wà nítòsí, ilé sì rọrùn díẹ̀ ju àárín ìlú lọ. Ilé tó ti ní ibùsùn, fíríìjì àti sítóòfù nínú ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò. Kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó bèèrè ẹni tí yóò máa san iná, omi àti gáàsì, kó sì fi fóònù ya gbogbo ohun tó bá nínú ilé, títí kan ibi tí ògiri ti la. Onílé kan wà tó fẹ́ gba owó àga tó ti dá kí a tó dé lọ́wọ́ wa. Fọ́tò ló gbà wá.

Ọmọbìnrin Gáà-Akànbí

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbé tiwa. Ẹni mẹ́rin ni wá nínú ilé: Yorùbá méjì, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan, ọmọ Indonéṣíà kan. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Indonéṣíà kò gbọ́ Faransé, kò sí èdè tó so wá pọ̀ bí kò ṣe Lárúbáwá. Lárúbáwá la fi ń pín iṣẹ́ ilé, òun la fi ń jà lórí ẹni tí kò fọ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Yorùbá kan wà lókè wa nínú ilé kan náà, tí ìyá mi mọ̀, tó ní nọ́ńbà gbogbo ilé wa. Ẹ wá irú ilé bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù, inú mi dùn láti sọ ọ́. Kò sí iṣu tí a lè fi gún iyán nítòsí, nítorí náà kí ìyá yín má bẹ̀rù láti di èlùbọ́ fún un, kó dì í dáadáa. Ṣùgbọ́n ewédú wà ní Káírò! Mulúkíyà ni wọ́n ń pè é, ewé kan náà ni. Wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ kan tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ní ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí yóò fi fà, wọ́n á dà á sínú omi ẹran, wọ́n á wá dín áyù pẹ̀lú kusubárà (kọriáńdà) lé e lórí, ó máa ń hó ṣàà bó bá ti kan ọbẹ̀. Àwọn fi ìrẹsì tàbí búrẹ́dì jẹ ẹ́. Èmi a máa yọ áyù kúrò, mo máa ń ju irú sí i, mo sì ń fi àmàlà gbé e. Èyí tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì sọ di yìnyín wà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, ó sì dára fún ẹni tó dé láti kúlíyà nírọ̀lẹ́.

Ilá wà, bámíyà ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà funfun wà, lúbíyà. Sóbò wà, kàrìkàdé, wọ́n ń mu ún ní gbígbóná pẹ̀lú. Ìrẹsì ìlú wọn kúkúrú, ó máa ń lẹ̀, kò ṣe é fi se jọ̀lọ́ọ̀fù bí tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ tùwò rò yóò gbádùn rẹ̀. Fúùl ni oúnjẹ àárọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀wà ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi gbogbo òru sè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi òróró àti kúmínì sí i, wọ́n á kó o sínú búrẹ́dì. Kò wọ́n, ó sì ń gbé èèyàn dé ọ̀sán. Kóṣárì náà wà, ìrẹsì, makaróní, lẹ́ńtìl àti àlùbọ́sà dídín papọ̀. Kó má máa jẹ ìyẹn lójoojúmọ́, yóò sanra, ara rẹ̀ á sì wúwo ní kíláàsì.

Fún àwọn obìnrin tó ń ka èyí: nínú métírò, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ọkọ̀ tó wà láàárín ni tiwa. Wọ́n kọ ọ́ sí i. Ẹ máa dúró síbi tí wọ́n sàmì sí kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ọlọ́jẹ

Ẹ kú àdúrótì ọmọ. Ọmọ tèmi náà wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ má fi náírà ṣírò. Dọ́là ni kí ẹ fi ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tiwa tú náírà sílẹ̀, gbogbo wa la rí bó ṣe já. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024, Íjíbítì náà tú tiwọn sílẹ̀: dọ́là kan tó ń gba nǹkan bíi pọ́n-ùn 31 ní báńkì di nǹkan bíi 50. Ẹni tí wọ́n ń fi dọ́là ránṣẹ́ sí rí pọ́n-ùn tó pọ̀ sí i gbà, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ilé náà gbéra sọ. Òbí tó bá gbà pé iye tí òun ná lésìí ni òun yóò ná lọ́dún yìí, ọmọ ni ebi yóò pa.

Bí agbára bá ká a, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́. Owó oṣooṣù máa ń pẹ́ lọ́nà, onílé Káírò kò sì mọ̀ pé báńkì Nàìjíríà ló fà á. Ẹ kìlọ̀ fún un gidi pé kó má ṣẹ́ dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó dúró ní kọ̀rọ̀, bó ti wù kí tonítọ̀hún fi kún un tó. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lójú òfin ibẹ̀ ni ṣíṣẹ́ owó níta báńkì àti ilé iṣẹ́ tó gbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: ẹ má sọ ọmọ di alájàpá. Ẹ̀gbọ́n bàbá á ní kó ra jàlàbíà méjìlá wá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n á ní hìjáàbù, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà-Ọba á ní kó máa ya fọ́tò ọjà ránṣẹ́. Ọmọ ò lè sọ pé rárá fún àgbà. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ ó bá a ní ọjà Átábà níbi tó ti ń wá àwọ̀ tí wọ́n ní kó rà. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó bá a dá wọn lóhùn. Ìwọ Ọmọ Pàkátà, ọwọ́ rẹ ni iṣẹ́ yẹn wà. Sọ fún gbogbo ẹbí kí ó tó wọ bàálù.

Bàbá Òmù-Àrán

Ẹnu ìyá yìí gún régé. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìwé kún un.

Yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má jẹ́ inú ẹrù tó fi sábẹ́ bàálù. Wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ ti gba òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ti ilé aṣojú Íjíbítì ní Àbújá kó tó lọ, torí ẹni tó bá fi sílẹ̀ di ìgbà tó bá dé Káírò yóò máa rán ìwé padà wálé. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ilé kéwú rẹ̀ bóyá ìwé wọn ní mùádálà lọ́dọ̀ Azhar, ìyẹn pé Azhar ka ìwé ẹ̀rí wọn sí. Ilé kéwú tí kò bá ní i, ọmọ rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tàbí kó padà sí ìpele ìsàlẹ̀ kó tó wọ kúlíyà. Ó sàn kó mọ̀ nílé.

Bó bá ti dé, ìkámà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú, ni kó tètè lé. Azhar yóò fún un ní lẹ́tà, yóò mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà. Kó má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Kó máa gbé ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù rẹ̀ kiri, torí ọlọ́pàá lè béèrè. Kó forúkọ sílẹ̀ ní ilé aṣojú Nàìjíríà ní Zamalek.

Ọmọ Pàkátà

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá wa ní kí n béèrè nípa òtútù àti nípa ọkọ̀. Wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ Lárúbáwá gbóná, kí ni ti súwẹ́tà?

Ìyẹ̀rú Òkín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá pé òtútù wà. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, òru Káírò lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 9 tàbí 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ọyẹ́ Ìlọrin kò débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní ohun tó ń mú ilé gbóná, ilẹ̀ táìsì ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo yàrá. Inú ilé á máa tutù ju ìta tí oòrùn ń pa lọ. Ìbọ̀sẹ̀ nínípọn, súwẹ́tà kan, jákẹ́ẹ̀tì kan. Búláńkẹ́ẹ̀tì, kó rà á níbẹ̀, kó má fi gba àyè èlùbọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín fi etí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé wẹ̀ níbẹ̀ ló ní ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná, wọ́n kàn án mọ́ ògiri nínú ilé ìwẹ̀ gan-an. Bí atẹ́gùn kò bá rí ọ̀nà jáde, èéfín tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn yóò kún inú rẹ̀, á sì pa èèyàn kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Lọ́dọọdún nígbà òtútù ni ó ń pa èèyàn ní Íjíbítì. Kí wọ́n tó gba ilé, kó yẹ̀ ẹ́ wò pé páìpù èéfín ẹ̀rọ náà jáde síta. Kó máa ṣí fèrèsé ilé ìwẹ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó. Bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí òòyì ń kọ́ ọ níbi tó ti ń wẹ̀, kó pa gáàsì, kó jáde sí ìta tìhòhò bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn ni 123, ti ọlọ́pàá ni 122. Kó há wọn sórí.

Alfa Òkè-Àpómù

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ wọn. Ìyẹ̀rú Òkín, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ gáàsì yìí.

Ní ti ọkọ̀: métírò ló yá jù, láti ọdún 1987 ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ibùdó ní Àbásíyà. Ibi tí métírò kò dé, bọ́ọ̀sì kékeré ni. Kò sí kọ̀ńdọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn á fi owó rẹ̀ kan ẹni iwájú léjìká, owó á ti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ bá awakọ̀, ṣéńjì á gba ọ̀nà kan náà padà, kì í sì í sọnù. Bó bá fẹ́ sọ̀, kó ké "ala gamb", awakọ̀ á yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Títì sísọdá ni kó ṣọ́ra fún. Mọ́tò kì í dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Kó dúró ti ará ìlú tó fẹ́ sọdá, kó wà ní ọwọ́ ibi tí mọ́tò kò ti ń bọ̀, kó sì gbé ẹsẹ̀ bí tonítọ̀hún bá ti gbé tirẹ̀. Kó má sáré, kó má sì padà sẹ́yìn láàárín títì.

Àwọ̀ ara wa náà yóò hàn láàárín wọn. Àwọn ọmọdé kan lè pariwo tẹ̀lé e ládùúgbò. Kó má dá wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ yóò bá wọn wí fúnra wọn, wọn á sì pe àlejò wọlé mu tíì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kan péré: ìdánwò méjì ló wà lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orí wọn ni gbogbo máàkì wà, gbọ̀ngàn sì tóbi débi pé bí èèyàn wá bí kò wá, ẹnikẹ́ni lè má mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ dáadáa ti ń sọnù. Kó wá Ṣéù kan tí yóò mọ̀ ọ́ lójú. Nínú mọ́sáláṣí Azhar gan-an, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 970, wọ́n ń kọ́ni ní ríwáàkù, àwọn ibi ìjókòó ẹ̀kọ́ inú mọ́sáláṣí, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá ń lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, olùkọ́ yóò bi í bí kò bá wá lọ́jọ́ kan. Bó bá sì jẹ́ ọdọ̀ Alfa àgbà ló ti há Kùránì ní ọ̀nà kíkà tí wọ́n ń pè ní Warsh, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà kíkà Hafs wé e láti ìsinsìnyí, torí Hafs ni Íjíbítì ń kà.

Ọmọbìnrin Gáà-Akànbí

Mo gbàgbé: Káírò fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà òtútù, wákàtí méjì nígbà ooru, torí láti 2023 ni wọ́n ti padà ń yí aago. Ẹ má pè é ní aago mọ́kànlá alẹ́ ti Ìlọrin. Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni ìsinmi wọn, ẹ pè é nígbà yẹn. Nínú oṣù Ràmàdánì, wọ́n ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ ìṣínu ọ̀fẹ́ sí ojú títì. Kó má tijú, kó jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ọmọ Pàkátà

Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn fún ìyá wa sókè ketekete, wọ́n ní àwọn fúnra wọn yóò pe ìpàdé ẹbí. Ó ku ìbéèrè kan: irú àti lúrú, ṣé ó lè kó wọn dání?

Ọmọbìnrin Gáà-Akànbí

Kí wọ́n sá irú náà gbẹ dáadáa, kí wọ́n fi ọ̀rá méjì mẹ́ta dì í, kí wọ́n kó o sínú ike tó ní ìdérí, kí òórùn rẹ̀ má bàa wọ aṣọ àti ìwé. Lúrú kò ṣòro, lẹ́búlù ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, torí ẹ̀tù aláwọ̀ ewé tí kò lórúkọ yóò mú kí wọ́n tú gbogbo ẹrù rẹ̀. Wàrà àti ẹran, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Bí ọjọ́ bàálù bá ti jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó wà lókè ilé wa yóò lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀. Kó dúró dè wọ́n nínú, kó má tẹ̀lé onítakisí kankan tó bá fà á lọ́wọ́.